Ọmọ Ọdún Méjìlélógún

Ọjọ́ Jimọ̀, International City, Dubai

Inú ń bí mi, mi ò sì lè bínú síta.

Àtìgbà tí ọrọ̀ ajé Dubai ti dẹnu kọlẹ̀ ni ọ̀gá tó ń náwó sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní Sharjah ti sá lọ. Lónìí, kóòṣì ní àwọn ọ̀dọ́ nìkan ló máa kù nínú ẹgbẹ́. Ló bá nawọ́ sí mi lójú gbogbo àwa agbábọ́ọ̀lù: "Bíi Déjì yìí, ọmọ ọdún méjìlélógún."

Football age nìyẹn. Ejẹ́ǹtì tó mú mi wá ló gé ọjọ́ orí mi kù. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí.

Wálé, tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́, gbọ́. Yàrá kan náà la jọ ń gbé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí, á tún dọ̀bálẹ̀. Nígbà tá a délé, ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n dá gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ òun padà.

"Déjì, yalla, ó yá, lọ bá mi bu omi wá!"

Èmi! Ṣùgbọ́n Wálé ò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́nú. Tí mo bá sọ ọjọ́ orí mi gan-an fún un, kóòṣì á gbọ́.

Orúnkún ń dùn mí bí mo ṣe ń dìde. Mo bu omi náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ẹ gbà, ẹ̀gbọ́n."