Ẹnu Ìyá Mi Níwájú Kábíyèsí

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹta 2023
Lucien ti ri òpó sìmẹ́ǹtì mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oko ọ̀pẹ Bàbá lẹ́yìn ilé wa níbí, ní Tatonnonkon. Àbúrò mi tó ń gbé Kútọnu ni — Ọ̀gá Kútọnu, bí mo ṣe máa ń pè é nínú ìwé yìí. Ó ti rí ẹni tó fẹ́ rà á. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, obìnrin kì í jogún oko." Ogún kọ́ o! Bàbá fún mi ni, kí wọ́n tó kú, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí mo fi ń gbé wọn dìde, tí mo ń gbé wọn jókòó. Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà: Bàbá, Ìyá, èmi.

Ọjọ́rú, 8
Mo lọ sáàfin. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún fi kú. Kábíyèsí ní, "Ta ló gbọ́?" Mo ní ìyá mi ni. Wọ́n ní kí n mú un wá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n á ránṣẹ́ sí Lucien náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11
Ìyá ní, "Ohun tí etí mi gbọ́, ẹnu mi á sọ ọ́." Mo fọ ìró rẹ̀ tó dára jù. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14
Ọ̀gá Kútọnu dé. Òun àti Ìyá jókòó sábẹ́ igi ọsàn títí oúnjẹ fi tutù. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Ọjọ́bọ̀, 16
Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́.
Lucien dọ̀bálẹ̀, ó sọ tirẹ̀. Mo sọ tèmi. Kábíyèsí wá yíjú sí Ìyá: "Ẹ̀yin lẹ bí àwọn méjèèjì. Kí lẹ gbọ́ lẹ́nu ọkọ yín?"
Ìyá wo ilẹ̀. Ó wo Lucien. Kò wo èmi.
"Kábíyèsí, mi ò gbọ́ nǹkan kan."
Wọ́n tún bi í. Ìdáhùn kan náà. Ojú Kábíyèsí rọ̀ — bóyá wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní ẹlẹ́rìí mìíràn. Wọ́n ní Lucien ló ni oko.
Ọ̀kadà zẹmijan kan ṣoṣo ló gbé èmi àti Ìyá wálé. Àyà mi kan ẹ̀yìn rẹ̀ títí a fi délé.

Ọjọ́ Ẹtì, 17
Mo bi í. "Ìyá, kí ni mo ṣe?"
Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò dáwọ́ dúró. "O ò ṣe nǹkan kan, Oyèkẹ́mi. Bí mo bá sọ òtítọ́, òpùrọ́ ni gbogbo ìlú á máa pe ọmọ mi. Kò ní lè fara dà á. Ìwọ á fara dà á. Mo mọ̀ ọ́."
Ọmọ mi, ó ní. Èmi ńkọ́?

Ọjọ́ Àìkú, 19
Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28
Mo bu ẹ̀kọ gbígbóná fún Ìyá láàárọ̀, bí ìṣe mi. Kò tíì mu ún tán tí ẹ̀rọ kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn ilé.
"Ariwo kí nìyẹn?"
"Ẹni tó ra oko ni. Ó ń gé ọ̀pẹ Bàbá."
Àwo bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó nawọ́ sí mi: "Oyè, wá dì mí mú."
Mo mú ìgbálẹ̀. Mo gbá àwo fífọ́ náà jọ, gbogbo rẹ̀, kí ó má baà gún un lẹ́sẹ̀.
Nígbà tí mo gbójú sókè, ọwọ́ rẹ̀ ṣì nà sí mi. Mo jáde.