Ààrò Ayédèrú

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá
Ògiri pálọ̀ yìí ti sú mi. Gbọọrọ, òfìfo. Mo sọ fún Alákòóso (ọkọ mi nìyẹn, òun ló ń ṣàkóso owó àti rìmóòtù) pé mo fẹ́ ààrò ara ògiri, irú èyí tí òyìnbó fi ń yáná ní pálọ̀, tó ní pẹpẹ lókè. Ó ní, nínú ilé tí kò níhò èéfín? Mo ní ayédèrú ni, ìrísí lásán. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kó ṣáà má ju agbára wa lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta
Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn iṣẹ́. Ti òkúta: ó rẹwà, àmọ́ owó ẹ̀! Ti ojúlówó pákó: ó wúwo bí ẹjọ́ ẹbí. Ti fọ́ọ̀mù tí wọ́n kùn bí òkúta: ìka méjì ni mo fi gbé e. Ọlọ́jà ní, "Àǹtí, ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, ó máa lápàá." Mo ti tẹ̀ ẹ́ kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Àwọn àwòrán ààrò wà lórí tábìlì. Bàámi jáde wá mu omi, wọ́n rí àwọn àwòrán náà. Wọ́n dúró. Wọ́n padà wọlé láì mu omi náà.
Èmi òpònú! Látìgbà tí iná ti jó ilé wọn, tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ wa, wọn ò dárúkọ iná rí. Bí mo bá ṣáná sí sítóòfù, wọ́n á rọra kúrò ní kíṣìnì. Èmi wá ń ra ààrò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Mi ò rà á mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Mo ń rán kọ́tìnnì oníbàárà lọ́wọ́. Bàámi wá dúró lẹ́yìn mi: "Ààrò yẹn ńkọ́?" Mo ní a ti fi í sílẹ̀. "Nítorí mi?" Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán kọ́tìnnì. Wọ́n ní, "Iná ló jó ilé mi. Pẹpẹ ò ṣẹ̀ mí." Wọ́n ní ká jọ lọ wò ó.
Ní ṣọ́ọ̀bù — ọ̀kan wà, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò sí nǹkan nínú ẹ̀ ju gílóòbù kan lọ. Kí n tó wí nǹkan kan, ọlọ́jà ti tan gílóòbù yẹn, irú èyí tó ń ṣe bí iná. Ó ń jó pupa, yẹ̀rì, yẹ̀rì. Bàámi di ọwọ́ mi mú. Mo ní kí ọlọ́jà pa á. Bàámi ní, "Fi sílẹ̀." Wọ́n na ọwọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni fẹ́ fọwọ́ kan ajá onílé. Wọ́n fọwọ́ kàn án. Wọ́n tún kàn án.
"Ó tutù."
Wọ́n fi fìlà nu ojú. Wọ́n wá kọjú sí ọlọ́jà: "Yọ gílóòbù yẹn, kó o dín owó ẹ̀ kù."
Ó dín in kù o! A rà á.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Bàámi sọ̀rọ̀ nídìí oúnjẹ. Wọ́n ní kì í ṣe ilé yẹn ló dùn wọ́n jù. Pé nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lẹ́yìn iná náà, wọ́n dúró lójú títì nínú ṣòkòtò ọkùnrin mìíràn, ṣòkòtò ò dé kókósẹ̀, gbogbo èèyàn ń sọ fún wọn pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Alákòóso gbé ṣíbí sílẹ̀. Kò sẹ́ni nínú wa tó sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Mo bu ọbẹ̀ kún tiwọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Káfíńtà dé. Bàámi ní, "Ó wọ́ sí òsì." Káfíńtà ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ògiri ló wọ́." Àwọn méjèèjì fa ọ̀rọ̀ náà títí tíì tí mo gbé fún wọn fi tutù. Ògiri ló wọ́ lóòótọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Ó dúró. Ó wù mí. Alákòóso ti gbé rìmóòtù lé e.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Láàárọ̀ yìí, Bàámi wo pálọ̀ yíká. "Yàrá mi wá ńkọ́?" Mo ní kí ló ṣe é. "Ọ̀dà ara ẹ̀. Látọjọ́ tí mo ti dé ni ò ti wù mí."
Yàrá mi. Títí di àná, "yàrá àlejò yín" ni wọ́n ń pè é.
Mo ní kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n fẹ́, màá bá wọn rà á bọ̀. Wọ́n ní rárá o, ẹni tó máa sùn tì í ló máa yàn án. Wọ́n ti wọ bàtà.