Ìbéèrè Kẹtàdínlógún Tí N Kò Bi Wọ́n

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú sùúrù ọmọ tó lọ tí kò tètè kọ̀wé. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí kí yín. Bàbá mi ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Àdùkẹ́ àtàwọn ọmọ wọn. Mo kí Ìyá Àgbà. Àna yín náà kí yín. Kò sọ ọ́ lónìí o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí inú rẹ̀ bá dùn, kì í gbàgbé yín.

Yóò yà yín lẹ́nu pé inú ìwé ìròyìn ìjọ wa ni wọ́n ti ń ka lẹ́tà yìí fún yín. Bí mo bá pè yín, ẹ máa ń ṣí fóònù sílẹ̀ kí gbogbo ilé lè gbọ́ ohùn mi. Bí wọ́n bá ti ń pariwo ìyàwó, ìyàwó, ọ̀rọ̀ a pòórá lẹ́nu mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣe é sọ láàárín ariwo, ni mo bá kọ ọ́. Bọ̀dá tó ń tọ́jú ìwé ìròyìn náà kà á, ó ní ṣé òun lè tẹ̀ ẹ́, nítorí àwọn obìnrin mìíràn tó ń gbé fọ́ọ̀mù ìwádìí kiri ojúlé. Mo ní kò burú. Ojú ti tì mí tán tẹ́lẹ̀.

Oṣù karùn-ún rèé tí mo dé Benin. Òjò ìlú yìí kì í mọ̀ pé ó tó. Ilẹ̀ pupa ni, ẹrẹ̀ á sì gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni. Ẹ̀dó ni wọ́n ń sọ nílé wa, tàbí Pijin, èmi sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí òmùgọ̀. Lọ́jà Ekiosa, ìka ni mo fi ń tọ́ka sí ohun tí mo fẹ́ rà, títí ìyá aláta fi bi aládùúgbò rẹ̀ pé ṣé odi ni ìyàwó yìí ni. Yàtọ̀ sí ti ẹnu ọkọ mi, ọjọ́ ìsinmi nìkan ni mo ń gbọ́ Yorùbá. Àwọn ọmọ ìjọ wa gan-an, bí mo bá fi Yorùbá kí wọn, òyìnbó ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

Ẹ mọ̀ pé àna yín ń kàwé gba oyè kejì ní yunifásítì. Omi tí àwọn èèyàn ń mu ní àdúgbò Upper Sakponba, àti ohun tí omi náà ń ṣe fún àwọn ọmọdé, ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Wọ́n ní obìnrin ló yẹ kó béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ lọ́wọ́ obìnrin. Ó wò mí, ó ní Mojí, ṣé o lè bá mi ṣe é? Inú mi dùn, Màmá. Èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta girama, ọkọ mi ń gbé bírò lé mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin náà mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Èmi lẹ gbé dòdò rù tí mo rìn dé garéèjì Ìkirè, tí mo sì gbé e padà bó ṣe wà nítorí mi ò lè polówó. Ṣùgbọ́n mo lọ. Mo kan ilẹ̀kùn, mo ń ka ìbéèrè tí wọ́n fi Pijin kọ. Ìbéèrè nípa omi kò le. Ìkẹrìndínlógún ní kí n béèrè iye ọmọ tó wà nínú ilé, ìyẹn náà ṣe é ṣe, nítorí wọ́n ń sáré kiri lójú mi. Ìkẹtàdínlógún ló ní kí n béèrè pé mélòó nínú àwọn ọmọ tí ẹ bí ló kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹ gbá mi lẹ́nu rí nítorí pé mo ka àwọn ọmọ Ìyá Ràṣídì lójú wọn. Bí a ò bá gbọ́dọ̀ ka èyí tó wà láàyè, ṣé èyí tó kú ni ká wá kà? Èmi, ìyàwó tuntun tí kò tíì rí ohun tó ń wá lọ́dọ̀ Ọlọ́run? Lọ́dọ̀ obìnrin tó bá ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń béèrè. Á ní kò sí o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, èmi á sì kọ òdo. Ṣùgbọ́n bí mo bá béèrè iye ọmọ tó wà nílé, tí obìnrin náà sì dákẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn, tí ojú rẹ̀ lọ síbì kan, mo ti mọ̀. Mo ń ṣí ìwé kọjá sí ìkejìdínlógún. Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mò ń bù fún wọn.

Nígbà tí gbogbo fọ́ọ̀mù wọ inú kọ̀ǹpútà, àna yín rí i pé àpótí ìbéèrè kẹtàdínlógún ṣófo lọ́dọ̀ obìnrin tó lé ní ọgbọ̀n. Ó bi mí. Mo ní wọn ò fẹ́ dáhùn. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún ọkọ mi nìyẹn.

Ó ní kò séwu, kọ̀ǹpútà ní ọgbọ́n tó fi ń dí irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí obìnrin kan ò bá dáhùn, kọ̀ǹpútà á wá àwọn tó jọ ọ́ lọ́jọ́ orí, níwèé kíkà, nínú omi tí wọ́n ń mu, á sì tibẹ̀ dá àbá ohun tí ì bá sọ. Nítorí pé àbá ni, kì í dá a lẹ́ẹ̀kan. Ogún ìgbà ló ń dá a, ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ díẹ̀, bí ìgbà tí ogún èèyàn bá ń wo ṣíṣú òjò kan náà tí kálukú ń sọ ìgbà tó máa rọ̀. Á ṣe ìṣirò lórí ogún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìdáhùn kan.

Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ náà ló ń tẹ̀ jáde. Tébù nọ́ńbà kan náà, ogún ìgbà, kó tó kan èyí tó pa pọ̀. Ìwé náà nípọn ju ìwé orin ìjọ lọ. Ọ̀gá tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò ṣí i lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà. Ó ní kó mú ojú ìwé kan ṣoṣo wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, nítorí òun ń rìnrìn àjò, òun kò sì ní padà ní sáà yìí.

La bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa tébù rẹ́. Òun ń tọ́ka, èmi ń tẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ló rí àṣẹ kékeré kan tó lè kọ sínú rẹ̀, kí ogún yẹn fara pamọ́, kí èyí tó pa pọ̀ nìkan jáde. Ìwé nípọn yẹn di ojú ìwé mẹ́ta. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọwọ́ mi ló mú ire wá. Ó kù ká sọ mẹ́ta di ọ̀kan, ká yọ àwọn ìlà òòró tí ọ̀gá ò ní wò. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń sọ bí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ṣe gbára lé àbá tó. Níbi ìbéèrè kẹtàdínlógún, nọ́ńbà rẹ̀ ga ju gbogbo tókù lọ. Ó fi ìka lé e, ó ní ó ya òun lẹ́nu pé àwọn obìnrin wọ̀nyí sọ gbogbo nǹkan, ìyẹn nìkan ni wọ́n pa ẹnu mọ́ sí. Ó ní kí n yọ ọ́, ọ̀gá ò fẹ́ ohun tó pọ̀. Mo béèrè pé àwọn wo gan-an ni kọ̀ǹpútà ń wò kó tó dá àbá. Ó ní àwọn tó dáhùn ni.

Àwọn tó dáhùn, Màmá, àwọn tó ń rẹ́rìn-ín ni. Òdo, òdo, òdo. Òun ni kọ̀ǹpútà ń pín fún àwọn tí ojú wọn yí padà. Ó ń sọ ọmọ tó kú di ọmọ tí a kò bí rí, ogún ìgbà, a sì ti fi ogún náà pamọ́. Omi burúkú náà á wá dà bí omi gidi lójú ìwé kan tó mọ́ tónítóní. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń sọ pé nǹkan ṣe níbẹ̀ ni ìlà tó ní kí n yọ yẹn.

Mo yọ ọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ.

Ọjọ́ méjì kọjá. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ń so okùn bàtà rẹ̀ láti lọ tẹ ojú ìwé náà jáde, òjò ń rọ̀, ni mo sọ fún un. Mo ní wọn ò kọ̀. Èmi ni mi ò bi wọ́n. Ó tú okùn bàtà rẹ̀. Ó béèrè pé nínú gbogbo wọn, mélòó ló kọ̀ lóòótọ́. Mo ní ẹnì kan ni, òun náà ní ọkọ òun ò sí nílé. Ó bọ́ bàtà náà kalẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà lè fara da ẹni tó ní òun ò ní sọ, kò lè fara da olùbéèrè tó ń ṣa ẹni tó máa bi. Mo bẹ̀ ẹ́ pé mo mọ àwọn ilé náà, kó jẹ́ kí n kọ ohun tí mo rí lójú wọn. Ó ní ojú kì í ṣe ìdáhùn.

Kò pariwo mọ́ mi. Ì bá sàn kó pariwo. Ọjọ́ Ẹtì lọ, ọ̀gá náà rìnrìn àjò, sáà yìí sì ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ń jẹun tí mo bá sè, á ní mo ṣeun, á kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta mo di àwọn fọ́ọ̀mù náà sínú ọ̀rá, mo padà sí Sakponba. Nílé àkọ́kọ́, wọ́n ti kó lọ, ẹlòmíràn ló ń gbé yàrá náà. Nílé kejì, obìnrin náà gbọ́ ìbéèrè mi tán, ó ní kí n lọ bi ìyá tó bí mi, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn wọn, mo sunkún. Màmá, ó ku díẹ̀ kí n wọkọ̀ wá sílé.

Ìkẹta ń dirun fún oníbàárà lójúde. Ó rántí mi. Ó ní ṣebí èmi ni ìyàwó tó ṣí ìwé kọjá bí ẹni tó rí ejò. Oníbàárà rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi fẹ́ wọlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò nínú irun. Ó ní òun rí mi lọ́jọ́ náà. Ó ní àwọn ọmọ ẹlòmíràn ni mo kọ sínú ìwé, ṣé tòun ò yẹ lẹ́ni tí à ń kọ ni? Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo wá béèrè, Pijin mi wọ́, ṣùgbọ́n mo béèrè rẹ̀ dé òpin. Ó ní méjì ni. Ó ní Osaro àti Itohan, kí n kọ ọ́. Mo ní nọ́ńbà nìkan ni fọ́ọ̀mù náà ń gbà. Ó ní kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó bóyá mo kọ ọ́ dáadáa, ó sì ń dirun lọ.

Ilé kan ṣoṣo nìyẹn, Màmá. Ó ku bí ọgbọ̀n, òjò ò dá, n ò sì mọ̀ bóyá àna yín ṣì fẹ́ wọn, tàbí bóyá ó ṣì fẹ́ èmi náà. N ó tún lọ lọ́la. Ẹ má bínú pé mo ti rú òfin yín. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó là mí lẹ́nu.

Kí Olúwa dá ẹ̀yin àti Bàbá sí fún wa. Kí ẹkún má wọlé yín. Ẹ bá mi kí gbogbo ojúlé wa, àgbà àti èwe.

Èmi ni ọmọ yín tó ń fẹ́ àdúrà yín,
Mojí.