Ewéko Tí Ẹ Kórìíra Ti Bo Ẹ̀yìnkùlé

Bàbá mi,

Mi ò kọ "ọ̀wọ́n" síbẹ̀, ẹ má wá a. Ọdún kejì rèé tí a sin yín sí ẹ̀yìnkùlé ilé wa ní Limawa, inú mi ò sì tí ì rọ̀ sí yín. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ilẹ̀ yín ṣe láti ẹnu èmi fúnra mi.

Ṣé ẹ rántí bí ibẹ̀ ṣe rí kí wọ́n tó sọ Minna di olú ìlú ìpínlẹ̀? Ìyá mi ti jẹ́ kí ewéko tútù bo ilẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná títí dé ìdí igi dongoyárò. Oyin wà nínú ìkòkò tí wọ́n gbé sórí igi náà. Àdàbà máa ń sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ èso koríko, ìyá mi ò sì ní da omi àwo nù títí wọn ó fi fò lọ.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe bẹ̀rẹ̀ sí dé, tí wọ́n ń wá yàrá, ni ojú yín yí padà. Télọ̀ tó ń jókòó jẹ́jẹ́ sídìí ẹ̀rọ di lánlọ́ọ̀dù.

"Akọ̀wé wo ló máa wá gbé inú igbó?" lẹ ń sọ kiri.

Ẹ gbé ọkọ́, ẹ fá ilẹ̀ náà kanlẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀ bẹ̀ yín. Ẹ tún lọ gba ọ́ìlì dúdú lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ẹ dà á sílẹ̀ kí ohunkóhun má baà hù mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni oyin kó lọ. Ayálégbé tí ẹ tìtorí rẹ̀ ṣe é, oṣù mẹ́ta péré ló lò tó fi kó lọ sí Dutsen Kura.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ló ṣe èyí tó kù. Omi ya wá láti orí òkè, kò rí ewé kan tó máa dá a dúró. Ó wa ìdí ògiri ilé ìdáná, ògiri náà sì wó lu ẹsẹ̀ ìyá mi. Ẹ jókòó tì wọ́n ní ọsibítù, ẹ ní, "Òjò ni. Kí ni mo fẹ́ fi òjò ṣe?" Ẹ ò tiẹ̀ lè sọ pé "pẹ̀lẹ́", Bàbá. Kí ni ì bá ná yín? Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí yín bí ẹni ń kí àlejò, títí ẹ fi kú.

Lẹ́yìn yín, mo wa gbogbo ilẹ̀ olọ́ìlì yẹn dà nù, mo ru yẹ̀pẹ̀ tuntun. Koríko òyìnbó kan tí ọ̀gá wa nílé ìwé tí mo ti ń kọ́ni mú wá láti GRA ni mo kọ́kọ́ gbìn. Ọyẹ́ jó o gbẹ. Nígbà tó ṣì tutù pàápàá, kòkòrò kan ò bà lé e. Ìyá Gwari tó máa ń gbé igi ìdáná lé èjìká wá fún wa ló dúró wò mí, ó sì fi Hausa bi mí pé, "Haba, malama! Kí lò ń bomi rin àlejò fún? Ṣebí balasa kún ojú ọ̀nà."

Balasa náà ni gọ̀dọ̀gbọ̀ wa, èyí tó ń rá nílẹ̀, tó ń yọ òdòdó búlúù. Ó bá mi fà á wá láti ọ̀nà Maitumbi. Mo gbin pápásan síbi tí oòrùn ti ń mú jù, mo sì gbin ejìnrìn sídìí ọgbà kí ẹyẹ lè rí èso rẹ̀ jẹ. Òjò tó kọjá rọ̀ bí ẹni ń fi garawa dà á, yẹ̀pẹ̀ ò kúrò lójú kan. Oyin ti ń wá sí òdòdó wọn, àmọ́ wọn ò tí ì sùn síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Orí sàréè yín ni mo gbin èyí tó pọ̀ jù sí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo fẹ́ kí ohun tí ẹ kórìíra bò yín mọ́lẹ̀.

Lánàá, mo ti ilé ìwé dé, mo bá ìyá mi níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n na ẹsẹ̀ tí kò dáa síwájú, wọ́n ń ro orí sàréè yín.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe yìí?"

"Bàbá rẹ ò fẹ́ràn koríko. Fi ìyókù sílẹ̀ fún oyin. Èyí, ti bàbá rẹ ni."

"Lẹ́yìn gbogbo ohun tí wọ́n ṣe sí yín?"

Wọ́n ń ro ó lọ.

Inú bí mi gan-an. Kí lẹ ṣe fún wọn tí èmi ò mọ̀? Ìgbà wo lẹ bẹ̀ wọ́n tí ẹ ò jẹ́ kí n gbọ́?

Òógùn bo ojú wọn, ẹsẹ̀ náà sì ti ń wú. Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n lọ jókòó sábẹ́ igi, mo sì ro ìyókù títí gbogbo rẹ̀ fi mọ́ tónítóní. Tìtorí wọn ni mo ṣe ṣe é, Bàbá. Kì í ṣe tìtorí yín.

Ọmọ yín náà ṣì ni mí, bí inú tilẹ̀ ń bí mi,
Èmi ni.