Èmi Ni Mo Tẹ̀ka fún Obìnrin Tí Kò Fẹ́ Lẹ́tà Wa

Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àṣìṣe, kì í ṣe iṣẹ́ èṣù, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi yìí náà ni... Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ tán, torí mi ò lẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ìṣẹ́yìn ni mo wà, akọ̀wé ni mí lọ́dọ̀ Alhaji kan tó ń ta aṣọ òfì. Ọ̀gá mi yìí ní òfin kan tí kì í fi ṣeré: a ò gbọdọ̀ fi lẹ́tà ọjà ránṣẹ́ sílé ẹnikẹ́ni tí kò bá gbà wá láyè. Ó ní ẹni tó wá rajà lọ́dọ̀ wa kò ní ká máa tẹ̀ lé òun délé. Torí náà, ìwé ńlá kan wà lórí tábìlì mi tí mo máa ń kọ orúkọ kọ́sítọ́mà sí, àti àdírẹ́sì rẹ̀, àti aṣọ tó bèèrè. Ẹni tó bá fẹ́ ká máa kọ̀wé sí òun tí aṣọ tuntun bá dé, á ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì, á tẹ̀ ẹ́ síwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́, ká fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Obìnrin kan wá láti Òtù, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ìyá Ràfíù. Ó rọra bèèrè sányán tí òun máa fi ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún ìyá ọkọ òun. Ìyá náà ṣì wà láyé o! Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé ìyàwó tó bá lójú tì á ti máa múra sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kí ojú má baà ti ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ sọ ọ́ síta? Ẹ̀ẹ̀mejì ló kìlọ̀ fún mi pé kí n má kọ̀wé kankan sí òun, pé òun fúnra òun ni òun á máa wá yọjú. Kò tẹ̀ka.

Kí ló wá kó mi sí i? Kó tó di ìtúnu ààwẹ̀, aṣọ pọ̀ nílẹ̀, àwọn tó tẹ̀ka kò tó nǹkan, inú Alhaji ò sì dùn. Mo ní kí n ṣe bẹbẹ. Bó ṣe jáde lọ kírun Àsárì báyìí, mo tìka bọ yíǹkì, mo tẹ̀ ẹ́ síwájú orúkọ gbogbo àwọn tí kò tẹ̀ ẹ́... mọ́kànlá ni wọ́n. Mo ní kí ló burú nínú kéèyàn gbọ́ pé ọjà dé? Ṣé wọn ò ní dúpẹ́ ni? Mo kọ lẹ́tà sí gbogbo wọn, èmi ọ̀mọ̀ràn, mo tún rán oníkálukú létí ohun tó bèèrè. Sí Ìyá Ràfíù, mo kọ ọ́ pé sányán tí ẹ fẹ́ fi ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn ìyá ọkọ yín ti dé o, ẹ tètè wá kó tó tán... Yéè! Ọwọ́ mi yìí ló kọ ọ́!

Ìyá Ràfíù kò mọ̀wé. Ní agboolé wọn, tí lẹ́tà bá ti dé, wọ́n á rò pé ọmọ tó wà ní ìdálẹ̀ ló kọ ọ́, gbogbo ilé á pé jọ, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà á sì kà á sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ló kà á. Ìyá àgbà jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ nípa aṣọ òkú ara rẹ̀. Wọ́n ní ó kàn dìde wọlé ni, àtọjọ́ náà ni kò ti fẹnu kan oúnjẹ tí ìyàwó yìí bá sè. Ìyàwó tó ti ń gbé omi ìwẹ̀ fún un fún ọdún mẹ́rìnlá!

Tọkọtaya náà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ìyá Ràfíù ní òun kò ní kí ẹnikẹ́ni kọ̀wé sí òun. Alhaji ṣí ìwé, ó nawọ́ sí ojú ìka tó wà níwájú orúkọ rẹ̀. Ni ọkọ bá figbe ta, pé kò tó kó máa ka ọjọ́ fún ìyá òun, ó tún tẹ̀ka pé kí wọ́n máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sílé, ó sì tún ń purọ́. Obìnrin náà yíjú sí mi, ó ní, “Àbúrò mi, ìwọ náà ṣáà wà níbẹ̀, sọ fún wọn.” Mo wolẹ̀. Mo ní kọ́sítọ́mà pọ̀, mi ò lè rántí... Ọlọ́run, dárí jì mí.

Ó ti kó padà sílé bàbá rẹ̀ ní Àgọ́-Àmọ́dù báyìí. Lẹ́yìn Iléyá, mọ̀lẹ́bí méjèèjì máa jókòó níwájú Lèmọ́mù, bóyá á padà sílé ọkọ tàbí wọ́n á tú yìgì. Wọ́n ní kí Alhaji mú ìwé náà wá, Alhaji sì ní èmi ni kí n gbé e lọ. Kò tíì tẹjú mọ́ ọn, kò mọ̀ pé ìka kan náà ló wà níwájú orúkọ mọ́kànlá. Ó tiẹ̀ ń yìn mí pé ìwé mi mọ́!

Tí mo bá jẹ́wọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn, ta ló tún máa fọkàn tán mi ní gbogbo Ìṣẹ́yìn? Tí mo bá sì jẹ́wọ́ ńkọ́, ìyá àgbà ti gbọ́ ohun tó gbọ́, ṣé ẹnu mi lè yọ ọ́ kúrò létí rẹ̀? Àbí orúkọ òpùrọ́ nìkan ni mo lè gbà kúrò lórí obìnrin yìí? Ṣé ìyẹn tó? Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Lọ́jọ́ tí Lèmọ́mù bá bi í pé ṣé ìka rẹ̀ nìyí, tó bá sì tún yíjú sí mi, kí ni kí n ṣe?