Ẹkún Tí Mo Ní Kí O Má Sun

Òkokomáíkò,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, ọdún 1977.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Mọ́nsúrátù,

Mo kí ọ, mo kí Ìbídùn ọ̀rẹ́ rẹ tó gbà ọ́ sílé n'Íjanikin. Ṣé ara le? Ṣé oorun ti ń wá? Àwa níbí wà, àfi eruku títì tí wọ́n ń là, tó ti sọ gbogbo aṣọ ìsọ̀ mi di aláwọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eruku ló mú mi gbé bírò, ìwọ náà mọ̀.

Nígbà tí o ti ọsibítù dé, tí dókítà ní ọ̀nà tó lọ sí ilé ọmọ rẹ ló dí, pé lóṣù méjì sí i àwọn á ṣiṣẹ́ abẹ láti là á, èmi nìkan lo sọ fún. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ó mọ láàrin wa. Dókítà ní kí n fọkàn balẹ̀." Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo dìde ní àsàlátù, mo ní kí gbogbo ìyá bá mi ṣàdúà fún ọ. Mo rò pé ẹnu púpọ̀ ni àdúà ń fẹ́. Àṣírí rẹ ni mo tú.

Láti ọjọ́ náà ni o ò ti ní ìsinmi. Ẹni tó wá ra ata n'Íyànà Ìbà á yà kí ọ, á wo ikùn rẹ kó tó wo ojú rẹ. Wọ́n ń pè ọ́ ní Ìyá Ìbejì. Ìyá Àlàní, ọ̀kan nínú àwọn ìyá àsàlátù, gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá kí o pọ̀n ọ́n, pé ọmọ ní í fa ọmọ. O pọ̀n ọ́n, o rẹ́rìn-ín, o tiẹ̀ jó fún un. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ, o wọ yàrá, o bú sẹ́kún. Kàkà kí n jókòó tì ọ́, mo jágbe mọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà: "Gbẹ́nu dákẹ́! Ẹkún a máa lé ọmọ sẹ́yìn." O dákẹ́ lóòótọ́. Láti ìgbà náà n ò gbọ́ ẹkún rẹ mọ́, n ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà gan-an lo kẹ́rù lọ.

Ó dùn mí, àbúrò mi. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo tún dìde ní àsàlátù, mo ní mo jẹ̀bi, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má béèrè ọ̀rọ̀ rẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn kan yọ ṣùtì sí mi. Ó tọ́ sí mi.

Ọkọ rẹ Àkànní fi típà rẹ̀ yà lọ́dọ̀ mi lánàá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti fún wa ní déètì tuntun, Túsìdeè tó ń bọ̀. Mọ́nsúrátù lóun á gbìyànjú, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ kẹ́ ẹ sin òun lọ." Mo ní ó dáa. Lẹ́yìn tó lọ, mo jókòó sórí àpótí, n ò lè tajà mọ́. Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà.

Jọ̀ọ́, lọ. Má tìtorí mi pàdánù ọjọ́ yìí bíi ti àkọ́kọ́. Jẹun, sùn, sọ ohun tó wà nínú rẹ fún Ìbídùn. Ó mọ ọ̀rọ̀ pa mọ́ jù mí lọ. Bí ẹkún bá sì ń gbọ̀n ọ́, sun ún. Irọ́ ni mo pa fún ọ lọ́jọ́ náà, ìbẹ̀rù ló fi í sí mi lẹ́nu.

Kí Ọlọ́hun fún ọ ní ìfọ̀kànbalẹ̀ kó tó fún ọ lọ́mọ, kó sì fún ọ lọ́mọ. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó jẹ̀bi,
Àrínọlá.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: wo ẹ̀yìn àpò ìwé yìí. Mọ́nsúrátù ni mo kọ síbẹ̀, n ò kọ Ìyá Ìbejì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, n ò ní ṣí ìsọ̀, ilé ni n óò wà. Bí o bá ránṣẹ́ pè mí, mo ti múra. Bí o ò bá ránṣẹ́, n ò ní bi Àkànní pàápàá léèrè.