Ilé Olókùúta Inú Fọ́tò

Màámi,

Ara mi le kóko. Odi olókùúta táwọn ológun àtijọ́ kọ́ sétí òkun ni mo ti ń gbálẹ̀. Àwọn èèyàn ń wá pàgọ́ gbafẹ́ níbẹ̀. Àgọ́ lèmi náà ń sùn báyìí, nítorí atẹ́gùn. Òfin ò gbà kéèyàn lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lójú kan, ni mo bá ń kó tèmi kiri ìdí ògiri. Ẹ ò rí i pé ilé mi pọ̀!

Ilé inú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, tẹ́ ẹ fi ń yangàn ládùúgbò, odi yẹn ni. Ẹ wá ní àbúrò mi ti gbéra, ó ń bọ̀ wá gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹnu mi ò gbà á láti ní kó padà.

Ẹ bá mi kí bàbá. Tí àbúrò mi bá pè yín lọ́nà, ẹ ní kó wá aṣọ òtútù dání.